Ṣòkòtò Rọ́bà Àlùfáà Jàfárù

Nígbà tí Àsíátù kú, Àlùfáà Jàfárù ọkọ rẹ̀ kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó kírun sí i lára, ó bá wọn dé ìtẹ́ òkú, ó padà sílé rẹ̀ ní Lapaz ní Accra, ó jókòó sórí ẹní, ó sì dákẹ́. Àwọn ọmọ kéwú ń ka wàláà wọn níwájú rẹ̀, wọ́n ń ṣì í kà, kò tọ́ wọn sọ́nà. Bẹ́ẹ̀ òun yìí kan náà ni ẹni tó jẹ́ pé bí ọmọ kan bá gé ọ̀rọ̀ kan kúrú, ẹ̀yìnkùlé ni yóò ti kígbe pé, “Padà sẹ́yìn, kà á dáadáa!”

Fàdílátù nìkan ni ọmọ rẹ̀ tó wà nítòsí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tí bàbá wọn ti wá. Òun ló dúró sí Accra, ó fẹ́ Tájù, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀ bíi tirẹ̀, ó sì ń ta ṣòkòtò ọkùnrin ní Kantamanto. Òbúrónì wáwú ni wọ́n ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, aṣọ tí òyìnbó ti wọ̀ tì, tí wọ́n dì ní bélì wá láti òkè òkun. Bó bá ti ọjà dé, á kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ kó tó forí lé ilé ọkọ. Á sì bá oúnjẹ tó gbé kalẹ̀ láàárọ̀ bó ṣe wà, tí eṣinṣin ti bò ó.

Ẹni tó fa ọkùnrin náà jáde nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, apẹja kan ni, ọmọ Ga, ará Jamestown. Ataa Láńtéì ni wọ́n ń pè é. Jamestown ni Àsíátù ti ta ọṣẹ láti ìgbà èwe rẹ̀, lọ́wọ́ ìyàwó Láńtéì ló sì ti máa ń ra ẹja gbígbẹ. Láńtéì wá kí wọn kú ará fẹ́ra kù. Ó jókòó, ó wo Àlùfáà títí. Èdè Hausa ni àwọn méjèèjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, Hausa ti Láńtéì kò sì ju ti ọjà lọ.

“Ẹnikẹ́ni kì í pa ẹja nínú yàrá,” ló wí. “Bá mi lọ sómi lọ́la.”

Kò sẹ́ni tó rò pé Àlùfáà máa gbà, ṣùgbọ́n ó gbà. Wọ́n wọ tórótóró, bọ́ọ̀sì akérò ibẹ̀, lọ sí ibi tí odò Dẹ́ńsù ti ń ṣàn wọ òkun. Ibẹ̀ ni Láńtéì ti ń ju àwọ̀n láti ìgbà tí agbára rẹ̀ kò ti gbé ọkọ̀ ojú òkun mọ́. Àlùfáà ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó wọ inú omi dé orúnkún, lẹ́yìn náà dé itan, ó sì dúró síbẹ̀. Kò pa ẹja kankan lọ́jọ́ náà. Nígbà tó délé, ó jẹun tán, ó ní kí wọ́n bù sí i.

Bó ṣe di apẹja nìyẹn. Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì kò sí kéwú, nítorí náà gbogbo Ọjọ́bọ̀ di ọjọ́ omi. Ó pẹ́ kó tó mọ bí a ṣe ń ju àwọ̀n, torí ó ní bí a ṣe ń kó o jọ sápá, tí a óò fi eyín di etí rẹ̀ kan mú, tí a óò sì yí ìbàdí kí a tó sọ ọ́, kó lè là lójú òfuurufú kó tó balẹ̀. Àmọ́ nígbà tó mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Inú omi náà ló ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké Kùránì sókè, tí Láńtéì á dúró lápá kejì, tí kò ní bá a sọ̀rọ̀ títí tó fi máa parí.

Àtọ̀gbẹ ti wà lára Àlùfáà ṣáájú ikú ìyàwó rẹ̀. Oògùn ló ń lò sí i, kò sì kà á sí nǹkan bàbàrà. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Láńtéì rí i tí omi tó yí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ká ń pọ́n. Ó fà á jáde, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, wọ́n rí i pé ìkarahun kan, irú èyí tí àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń ṣà lábẹ́ omi fún títà, ti la àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí ọ̀bẹ. Àlùfáà fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ohunkóhun gé òun.

Fàdílátù ló gbé e lọ sílé ìwòsàn tí wọ́n ti ń wẹ ọgbẹ́ náà. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin àgbàlagbà kan, pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kí bàbá lè máa gbọ́.

“Ṣúgà ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ yìí,” ló wí. “Ẹsẹ̀ tí kì í ké mọ́ ni. Bí iná jó o, kò ní sọ fún yín. Bí èkúté jẹ ẹ́, kò ní sọ fún yín. Ojú nìkan lẹ lè fi ṣọ́ ọ, láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Kí ó má sì kan omi odò náà mọ́ láé, torí gbogbo ìdọ̀tí ìlú ló ń ṣàn lọ síbẹ̀.”

Ọgbẹ́ náà pẹ́ kó tó san, ṣùgbọ́n ó san. Àlùfáà ká àwọ̀n rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ bá dé, á jí ní àsìkò tó máa ń jí lọ sómi, á kírun, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo títì. Nígbà tó yá kò jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́, orí ẹní ló wà. Ṣòkòtò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ ní ìdí rẹ̀, tí Fàdílátù fi ń bá a rán okùn sí i.

“Bàbá, kí lẹ fẹ́ jẹ?”

“Ohunkóhun.”

“Ohunkóhun kì í ṣe oúnjẹ.”

“Ṣé o rí i,” ni Àlùfáà wí, ó sì kọjú sí ògiri.

Ọ̀rọ̀ yìí ló wà lọ́kàn Fàdílátù ní àárọ̀ ọjọ́ tí Abena, obìnrin Asante tí ìsọ̀ wọn jọ fara kan ara, tú bélì tuntun. Láàárín àwọn kóòtù òtútù ni Abena ti fa nǹkan kan jáde tó rí bí ènìyàn tí kò lórí. Ṣòkòtò ni, ó ga dé àyà, ó ní okùn tí a ń gbé kọ́ èjìká, aṣọ rẹ̀ nípọn bíi fóòmù ibùsùn.

“Ta ló ń wọ èyí?” ni Fàdílátù bi í.

“Àwọn òyìnbó tó ń pẹja,” Abena dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. “Wọ́n á wọ̀ ọ́, wọ́n á rìn wọ odò, omi kò ní kàn wọ́n. Ta ni màá wá tà á fún ní Accra yìí?”

Fàdílátù gba ṣòkòtò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi kò ní kàn wọ́n. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ohun tí nọ́ọ̀sì wí kò ju pé kí omi má kan ẹsẹ̀ náà. Bí omi kò bá kàn án, kí ló kù?

Ó ki apá rẹ̀ bọ inú ṣòkòtò fóòmù náà, kò pẹ́ tí apá náà fi lààgùn. Ibi tí yìnyín ti ń bọ́ ni wọ́n dá a fún. Bí bàbá rẹ̀ bá wọ̀ ọ́ dúró nínú oòrùn Accra, ooru á pa á kó tó rí ẹja. Ó dá a padà fún Abena, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn kiri ọjà.

Lápá ibi tí wọ́n ti ń ta ẹrù eré ìdárayá, ó rí ọ̀kan tó fúyẹ́ bí aṣọ òjò, àmọ́ kò ní bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á wá bàtà tirẹ̀ bọ̀ lé e. Ọkùnrin tó ń tà á ní òun ló dára jù, pé bàtà tó bá wu ènìyàn, tó bá fẹ̀ tó bó ṣe fẹ́, ló lè lò pẹ̀lú rẹ̀. Fàdílátù fi èékánná rẹ̀ tẹ ìbọ̀sẹ̀ náà, èékánná fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́. Ó ń rí ìkarahun náà lójú rẹ̀. Yanrìn á wọ inú bàtà, ìkarahun á gún ìbọ̀sẹ̀, omi á wọlé. Kò rà á.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, rọ́bà gidi ni, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé tó ti gbó. Bàtà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kò sí ibi tí ọwọ́ lè gbà láàárín wọn. Ìsàlẹ̀ bàtà náà nípọn, ó ní eyín tó máa di ẹrẹ̀ mú, ìṣó pàápàá kò lè wọ̀ ọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lókè nílẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Nígbà náà ló yí bàtà náà, ó rí nọ́mbà abẹ́ rẹ̀. Méjìlélógójì. Mẹ́tàlélógójì ni bàtà bàbá rẹ̀.

“Rọ́bà ni,” ni ẹni tó ń tà á wí. “Á fẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀.”

Fàdílátù náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà lọ́pọ̀ ìgbà. Ó fi ṣòkòtò náà sílẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Ó wá irú rẹ̀ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ pípẹ́, ó tilẹ̀ ní kí àwọn kàyàyéè, àwọn ọmọbìnrin tó ń fi orí ru ẹrù, bá òun máa wò ó nínú gbogbo bélì tí wọ́n bá ń gbé. Kò sí. Ó padà, ó bá èyí tó fi sílẹ̀ níbẹ̀, ó rà á.

Kó tó gbé e fún bàbá rẹ̀, ó gbé e lọ fi han Láńtéì ní Jamestown. Ọkùnrin náà ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ òjìji ọkọ̀ tí wọ́n fà sórí iyanrìn. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ìdí rẹ̀, ó fi àwọ̀n sílẹ̀.

“Gbọ́,” ló wí. “Omi tó bá gba òkè wọ inú nǹkan yìí, kò ní ọ̀nà àbájáde. Ènìyàn á wúwo bí òkúta, á sì lọ ìsàlẹ̀. Wá ìgbànú líle. Kó dì í mọ́ àyà pinpin. Kó má sì bọ́ síbi tí omi bá kọjá ìdodo. Èmi á máa ṣọ́ ọ.”

Ẹ̀rù ikú inú omi wá gba ọkàn Fàdílátù. Láti ọjọ́ náà, ohun tó lè ti òde wọlé nìkan ló ń rò. Ó gbé ṣòkòtò náà lọ sọ́dọ̀ Àkànó, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọjà. Wọ́n gbé e kọ́ igi, wọ́n pọn omi kún inú rẹ̀, wọ́n sì dúró wò ó. Omi kán tó, kán tó, ní orúnkún òsì. Àkànó fi yanrìn ha ojú ibẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ bí ẹni lẹ tíúbù, ó tún pọn omi kún un. Kò kán mọ́. Wọ́n sá a gbẹ. Fàdílátù wá ra ìgbànú kan tó fẹ̀, ó fi agbára rẹ̀ fà á wò kó tó gbà pé kò ní já.

Nígbà tí Àlùfáà rí ẹrù náà, ó dìde jókòó.

“Ta lẹ fẹ́ fi èyí sin?”

“Ẹ má wí bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ṣòkòtò omi yín ni.”

Ó ṣàlàyé fún un. Àlùfáà sún mọ́ ọn. Ó na ọwọ́, ó ń fi ìka tọ́ rọ́bà náà láti àyà dé bàtà, bí ẹni ń ka ìwé nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà ló wọ ìbọ̀sẹ̀, ó sì ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Fàdílátù bá a gbé okùn kọ́ èjìká, ó kúnlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ orí bàtà náà láti mọ ibi tí ọmọ ìka parí sí. Rọ́bà náà le, kò mọ̀ ọ́n.

“Bàbá, ṣé kò fún yín?”

“Kò fún mi rárá. Bí ẹni pé mi ò wọ nǹkan kan ni.”

Fàdílátù gbọ́ ọ bí ìròyìn ayọ̀. Ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì di ìgbànú náà mọ́ ọn láyà.

Àlùfáà Jàfárù padà sómi. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ó kó tìlápíà dé, ó pín in fún àwọn ará ilé, ó ní kí wọ́n dín ti òun pẹ̀lú ata. Kò pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò fi tún ń gbọ́ “Padà sẹ́yìn!” láti ẹ̀yìnkùlé. Ó san sí i lára. Tájù ọkọ Fàdílátù sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọgbọ́n tó dá yìí, Ọlọ́run ló fi hàn án.

Fàdílátù bá wọn lọ ní Ọjọ́bọ̀ kan kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó jókòó sí etí omi, ó wo bàbá rẹ̀ tó ń rìn lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú ṣòkòtò náà, omi dé ìdodo rẹ̀, àwọn lékeléke ń fò kúrò lọ́nà fún un. Ó yí ìbàdí, àwọ̀n là, ó balẹ̀ láìpariwo. Nígbà tó jáde wá sinmi, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀.

“Fàdílá, ìyá rẹ kò fẹ́ràn omi. Ṣé o mọ̀?”

“Ẹ̀yin lẹ ti sọ fún mi.”

“Síbẹ̀, ibí yìí ni mo ti máa ń rántí ohùn rẹ̀. Nínú ilé, mi ò gbọ́ ọ. Mo gbìyànjú, mi ò gbọ́ ọ.” Ó gbọn omi kúrò lára àwọ̀n. “O ṣeun, ọmọ mi.”

Ó sì dìde, ó padà sínú omi.

Bí Fàdílátù bá yà lálẹ́, ó máa ń gbé àtẹ́lẹsẹ̀ òsì bàbá rẹ̀ wò, níbi tí àpá ìkarahun wà. Ó máa ń bá a ní gbígbẹ, ó mọ́, inú rẹ̀ á sì balẹ̀. Nígbà tó yá, Àlùfáà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọ̀sẹ̀ sùn. Ó ní òtútù ń mú òun. Bó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, á fi ọwọ́ tútù pa orí ìbọ̀sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe gbà á láàyè, kò ní bọ́ ọ. Bí Fàdílátù bá ní kí òun wo ẹsẹ̀, á ní òun ti wò ó. Fàdílátù gbà á gbọ́. Bàbá rẹ̀ kì í purọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, Fàdílátù wọ yàrá, ó gbọ́ òórùn. Ó rò pé ẹja ti rà síbì kan. Ó gbálẹ̀, ó gbé àpótí kúrò, ó wo abẹ́ ibùsùn, ó gbọn àwọ̀n, kò rí nǹkan kan. Nígbà tí Àlùfáà sún lórí ẹní, òórùn náà tún dé. Fàdílátù fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

“Bàbá, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yín.”

“Òtútù ń mú mi.”

“Accra la wà, Bàbá. Ẹ bọ́ ọ.”

Kò bọ́ ọ. Fàdílátù kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ọ̀tún mú, ó fa ìbọ̀sẹ̀ náà, ó ti lẹ̀ mọ́ ara. Ìka tó kéré jù àti èyí tó tẹ̀ lé e ti dúdú. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti bó, ó sì jìn wọ inú. Ẹsẹ̀ òsì tó ní àpá, òun nìkan ló ti ń ṣọ́. Ọ̀tún yìí, tí kò ní àpá kankan, ni bàtà náà ti ń jẹ láti ìgbà tó ti ń wọ̀ ọ́.

Ó kígbe. Àwọn ará ilé ló sá wọlé, tí wọ́n bá a pe Tájù.

Nílé ìwòsàn, dókítà kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní ó ti dé egungun, pé bí wọn kò bá gé e lábẹ́ orúnkún, ẹ̀mí ló máa bá a lọ. Tájù ń wo ilẹ̀. Àlùfáà fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

“Ẹ gé e. Èmi kọ́ ni mo dá a.”

Nígbà tí wọ́n gé e tán, òṣìṣẹ́ kan pe ìdílé, ó ní kí wọ́n wá gba ẹsẹ̀ náà bí wọ́n bá fẹ́ sin ín. Wọn kò mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Fàdílátù sáré lọ sílé, ó mú aṣọ funfun kan tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ wá. Tájù fi dì í. Ó wúwo ju bí wọ́n ṣe rò ó lọ. Tájù sọ fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn náà pé òun kò mọ bí òun ṣe máa dì í mú nínú takisí, bóyá kí òun gbé e sílẹ̀ ni, tàbí kí òun gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Láńtéì tó ti wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé itan ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó títí wọ́n fi dé ìtẹ́. Awakọ̀ bèèrè ohun tó gbé.

“Ẹrù ọ̀rẹ́ mi ni,” ló dá a lóhùn.

Nígbà tí Àlùfáà lajú dáadáa, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ náà ló kọ́kọ́ bi Tájù.

“Ibo lẹ sin ín sí?”

“Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá ni, Bàbá. Lápá ìsàlẹ̀.”

Àlùfáà dijú. “Ó ti ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀,” ló wí. Tájù jáde lọ síta kó lè sunkún.

Fàdílátù ń bọ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kì í wo ojú bàbá rẹ̀. Á bu ẹ̀kọ fún un, á nù ún lẹ́nu, á palẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn tó wà lórí ibùsùn tó kù ń sùn, ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Bàbá, mo rí nọ́mbà náà. Mo yí bàtà náà, mo rí i pé ó kéré. Mo sì rà á. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé ẹsẹ̀ yín kì í ké mọ́, mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ sì sọ fún mi pé bí ẹni pé ẹ ò wọ nǹkan kan. Mo rẹ́rìn-ín.”

“Fàdílá.”

“Èmi ni mo gé ẹsẹ̀ yín, Bàbá.”

“Fàdílá, mo rí ọgbẹ́ náà.”

Ó gbé ojú sókè.

“Ní Ọjọ́bọ̀ kejì ni mo rí i. Kékeré ni, awọ ló bó. Mo fi àdí pa á, mo wọ ìbọ̀sẹ̀. Nígbà tó ń tóbi sí i, mo ń rí i.”

“Ẹ rí i?”

“Mo rí i.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Bí mo bá sọ, wàá gbé ṣòkòtò náà lọ.”

Fàdílátù dìde. Láti ọjọ́ tó ti fa ìbọ̀sẹ̀ náà, ẹ̀bi nìkan ló ti ń jẹ ẹ́. Kò mọ̀ pé òun lè bínú sí ẹni tó wà lórí ibùsùn yìí.

“Torí kí ẹ lè gbọ́ ohùn Màmá,” ló wí. “Ohùn ẹni tó ti kú. Èmi tí mo wà láàyè ńkọ́? Ṣé ẹ ń gbọ́ ohùn tèmi? Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bi yín, ‘Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wo ẹsẹ̀ yín.’ Ẹ gbọ́ ọ, ẹ sì ní ẹ ti wò ó.”

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú Àlùfáà, ó ń ṣàn wọ irùngbọ̀n rẹ̀, kò sì nù ún. Ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀, Fàdílátù kò rí irú rẹ̀.

“O jàre,” ló wí níkẹyìn. “Mi ò ní àwáwí. O jàre, ọmọ mi.”

Fàdílátù bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fara ti ògiri. Obìnrin kan tó ń kọjá kí i ní èdè Twi pé kí Ọlọ́run tù ú nínú, ó rò pé ẹnìkan ló kú. Fàdílátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi etí ìborùn nu ojú, ó padà wọlé, ó sì gbé abọ́ ẹ̀kọ náà, torí ó ti ń tutù.

Nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé ṣòkòtò rọ́bà náà wẹ́wẹ́. Rọ́bà náà le, ọwọ́ rẹ̀ bó kó tó parí. Abena gbọ́, ó ní ì bá ti tà á. Fàdílátù ní ta ni òun máa tà á fún.

Wọ́n gbé Àlùfáà wá sílé pẹ̀lú ọ̀pá àtiléabíyá méjì. Ìjókòó ló ti ń kírun, ìjókòó ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ ní láti sún mọ́ ọn kí wọ́n tó gbọ́ àtúnṣe. Láńtéì máa ń wá kí i ní Ọjọ́bọ̀. Kì í dárúkọ omi. Wọ́n á jẹ kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àgbàdo àwọn Ga, àti ẹja pọ̀, wọ́n á jókòó, Hausa wọn a sì máa tán kí ọjọ́ tó tán.

Fàdílátù yí ìrìn rẹ̀ padà. Dípò ìrọ̀lẹ́, òwúrọ̀ ló wá ń yà, kó tó lọ sí Kantamanto, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti wọ ojú fèrèsé. Àlùfáà á gbé ẹsẹ̀ òsì lé e nítan. Fàdílátù á tú ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, á wo àárín wọn, á wo gìgísẹ̀, á fọ̀ ọ́, á nù ún gbẹ, á fi òrí pa á. Ní àkọ́kọ́ wọn kì í sọ̀rọ̀. Inú ṣì ń bí i, bàbá rẹ̀ sì mọ̀. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí Àlùfáà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn nǹkan tí Fàdílátù kò bi í: bí òun ṣe dé Accra ní ọ̀dọ́langba pẹ̀lú wàláà kan lápò, bí wọ́n ṣe ń pe òun ní Alata, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, lójú títì tí òun kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí, bí Àsíátù ṣe ta ọṣẹ fún òun lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí kò sì fún òun ní ṣéńjì tó pé. Fàdílátù rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ó pẹ́ dé ọjà lọ́jọ́ náà.

Àtọ̀gbẹ kò dúró. Ó wọ kíndìnrín rẹ̀. Àlùfáà rí òjò ọdún náà, ó rí ààwẹ̀ tó tẹ̀ lé e bí kò tilẹ̀ lè gbà á, àmọ́ nígbà tí ọyẹ́ dé, ó kú ní òwúrọ̀, kí Fàdílátù tó dé.

Tájù wà lára àwọn tó wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n parí, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí àwọn obìnrin jókòó sí, apá aṣọ rẹ̀ ṣì tutù. Ó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀.

“Àlùfáà tó ṣáájú wa níbi ìwẹ̀ ní kí n sọ fún ọ,” ló wí. “Ó ní òun ti wẹ òkú alátọ̀gbẹ tó pọ̀. Ó ní òun kò tíì rí ẹsẹ̀ tó mọ́ bí ẹsẹ̀ òsì yìí rí. Kò ní ojú egbò kankan.”

Fàdílátù wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òrí àná ṣì wà ní abẹ́ èékánná rẹ̀. Ó fi ọwọ́ náà bo ojú, ó sì sunkún títí wọ́n fi gbé òkú bàbá rẹ̀ jáde.